Kọ́kọ́rọ́ Tí Kóòtù Gbàgbé

N kì í ṣe lọ́yà, n kò sì ka ìwé òfin rí. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí Fájuyì ní Adó, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mo sì ń rán jù. Ohun tí mo mọ̀ nípa agbára kò ju èyí lọ: bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá pé kí n bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, n kò gbọdọ̀ bá a gé apá bùbá mọ́ ọn. Bí mo bá gé e, kò sí àlàyé tí mo lè ṣe tí yóò wọ̀ ọ́ létí. Ohun tí adájọ́ kan ṣe fún àwọn òbí mi nìyẹn, inú sì ń bí mi títí di bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ìlú wa kò jìnnà sí Adó, gbogbo ará ìlú ló sì ń pè é ní Tíṣà. Màmá mi gan-an, Tíṣà ló ń pè é. Òun náà, "Ìyàwó" ló ń pe màmá mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó olórùka ní ṣọ́ọ̀ṣì títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù lọ láti kọ́ ọmọ ni ẹ̀kọ́ nípa ìjọba: ta ni aṣòfin, ta ni adájọ́, ibo ni agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan pin sí. Àwa ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Bí a bá ń jà lórí ẹran inú ọbẹ̀, yóò ní kí olúkúlùkù lọ pe ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, oko rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìlawẹ̀ ló gbájú mọ́, àti alùpùpù tó fi ń lọ síbẹ̀, èyí tó ń pè ní maṣíìnì. Ojú rẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ojú ní Adó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àrùn kan ni tó máa ń jí ìríran kó láti ẹ̀gbẹ́ ojú, díẹ̀díẹ̀, láìdun èèyàn. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń kán oògùn kan sí i ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, láìfo ọjọ́ kan, èyí tó kù yóò dúró. Màmá ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Láràárọ̀, Tíṣà á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á gbójú sókè, á máa ráhùn pé oògùn náà ń ta òun. Màmá á fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, á kán an, á ní kó má ṣẹ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n, kò lè dá a ṣe fún ara rẹ̀.

Dókítà tún ní kó má gun alùpùpù mọ́. Èyí ni Tíṣà kò gbà. Ó ní ọ̀nà oko òun, bí òun bá di ojú, òun mọ̀ ọ́n. Ó já sí kòtò lẹ́ẹ̀kan, ó ní kòtò náà kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbá ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ó ní ewúrẹ́ náà ló ṣi ọ̀nà. Màmá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Èmi bẹ̀ ẹ́, ó bi mí pé ta ló bí ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì. Bàbá ìjọ bá a sọ̀rọ̀, ó fi ẹsẹ Bíbélì dá a lóhùn. Àwọn ẹbí rẹ̀ pe ìpàdé lé e lórí, ó bá wọn ṣe àdúrà ìparí, ó sì gun maṣíìnì rẹ̀ padà sílé.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìlú tiwa kò fi gbogbo ara gba ìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnìkan bá kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn, ibì kan ló kù tí wọ́n ń gbé e lọ: kóòtù ìbílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bá a ṣẹjọ́ lóòótọ́. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹni tí ìjọba fún ní àga bá a wí ní gbangba. Akódà á mú ìwé kóòtù wá sílé, àyà onítọ̀hún á já. Wọ́n á dé ọ̀hún, adájọ́ á ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ti ìyàwó yín," àwọn tó wá wòran á rẹ́rìn-ín, tọkọtaya á sì jọ wọ ọkọ̀ kan náà padà sílé. Aládùúgbò màmá mi kan ṣe é fún ọkọ rẹ̀ tó ń mu ògógóró, ó sì ṣiṣẹ́. Bí màmá mi ṣe gba kóòtù lọ nìyẹn, láìsọ fún mi. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù bi í pé kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un, ó ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ maṣíìnì lọ́wọ́ ọkọ òun. Ohun tó sọ nìyẹn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ gan-an ni mo tó gbọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọkọ̀, mo bá wọn níbẹ̀. Gbọ̀ngàn kékeré ni, òrùlé páànù, ọ̀pọ̀ bẹ́ǹṣì, ooru ń mú. Adájọ́ jókòó láàárín, ọmọ ìgbìmọ̀ kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò sì ju kí wọ́n máa mi orí lọ. Bàbá mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì bí ìgbà tó ń lọ ṣe ìpàdé àwọn ọ̀gá iléèwé. Màmá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní kó dìde, ó ní bẹ́ẹ̀ dára fún òun.

"Màmá, kí ni bàbá ṣe fún yín?" adájọ́ béèrè.

"Olúwa mi, è é gbọ́ràn," màmá mi dáhùn. "Ojú rẹ̀ è ríran dáadáa mọ́, ó sì ń gun maṣíìnì lọ sí oko. Mè é fẹ́ kó kú sọ́nà. Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ bá mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jókòó sí ulé."

Ẹ̀rín sọ. Adájọ́ náà rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, n kì bá tí máa sọ ìtàn kankan lónìí. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ o."

Tíṣà dìde. Bó ṣe wúkọ́ láti la ọ̀fun, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

"Olúwa mi, mo bọ̀wọ̀ fún kóòtù yìí," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ òfin tó fún un lágbára lórí maṣíìnì mi. N kò jí i gbé. N kò fi pa ẹnikẹ́ni lára. Agbára kóòtù ní ààlà."

Ẹnìkan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, ó ní, "Tíṣà o!" Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, adájọ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Ààlà kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi. Mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì."

"Ṣé iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ wá kọ́ mi ni?"

"Rárá o. Ẹ kàn lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n."

Mo bo ojú mi. Bàbá mi nìyẹn. Kò bú adájọ́, kò jágbe mọ́ ọn, ó kàn bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe àtúnṣe. Ó ṣeé ṣe kí adájọ́ náà fara da èébú ju ìyẹn lọ.

Ó padà sọ́dọ̀ màmá mi. "Màmá, ṣé bàbá máa ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?"

"Rárá, Olúwa mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ùgbà tí mo ti fẹ́ ẹ."

"Ṣé inú yín ń dùn pẹ̀lú rẹ̀?"

Màmá mi kì í purọ́, pàápàá lórí ìkúnlẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ùgbà mìíràn."

Adájọ́ ń kọ̀wé, ó ń kọ̀wé. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, kò bi àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Nígbà tó gbé orí sókè, ó kéde pé kóòtù rí i pé ìfẹ́ ti tán láàárín tọkọtaya yìí. Ó ní òun tú ìgbéyàwó náà ká láti ọjọ́ òní lọ. Kí obìnrin kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkùnrin. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, kó má sì yọ ọ́ lẹ́nu. Ó wá wo bàbá mi, ó ní, "Ẹ ti rí ibi tí ààlà wà báyìí." Ó pe ẹjọ́ tó kàn.

Màmá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó na ọwọ́ jáde. Ó rò pé wọ́n máa tó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé òun lọ́wọ́. Ó bi akódà pé, "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" Akódà ti ń darí àwọn ẹlẹ́jọ́ mìíràn wọlé. Nínú gbogbo ohun tí adájọ́ kọ sílẹ̀, kò rántí kọ́kọ́rọ́.

Níta, mo ní kí a máa lọ sílé, kí àwọn méjèèjì lọ jẹun, pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni ọkùnrin yẹn sọ. Bàbá mi ti dúró ti maṣíìnì rẹ̀. Ó ní àṣẹ kóòtù ni.

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé kò lágbára!"

"Mo sọ pé kò lágbára lórí maṣíìnì," ó ní. "Bóyá ó ní lórí ìgbéyàwó tàbí kò ní, kì í ṣe èmi ni n ó dá a. Àṣẹ kóòtù, bó tilẹ̀ wọ́, a ó máa tẹ̀ lé e títí kóòtù tó jù ú lọ yóò fi fagi lé e. Bí olúkúlùkù bá ń ṣa èyí tó wù ú nínú àṣẹ, ìlú ti tú nìyẹn. Ìwọ náà jókòó ní kíláàsì mi."

Mo jókòó ní kíláàsì rẹ̀ lóòótọ́. Mo rántí ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó lè di ọjọ́ kan kí ènìyàn fi ẹ̀kọ́ náà lé ìyàwó ara rẹ̀ kúrò nílé. Ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó yẹ kí n gbá létí: ọ̀kan jẹ́ adájọ́, ọ̀kan jẹ́ bàbá mi, kò sì sí èyí tí mo lè fọwọ́ kàn nínú wọn.

Tíṣà yíjú sí màmá mi. Mo rí i tó la ẹnu láti sọ pé "Ìyàwó," mo sì rí i tó gbé e mì. "Màmá," ó ní, "ẹ máa bá ọmọ yín lọ sí Adó ná." Ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ pàdé nínú ọkọ̀. Ó gun maṣíìnì, ó lọ.

Bí màmá mi ṣe di ará ilé mi ní Òkè-Ìlá nìyẹn. Kò sunkún. Ó ń gbálẹ̀, ó ń sebẹ̀, ó ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n bó bá ti di àkókò oògùn, kì í lè jókòó. Á dìde, á nu tábìlì tó ti mọ́, á wo ojú fèrèsé, á ní, "Ó ti yẹ kó gbójú sókè báyìí."

Mo lọ bá Tíṣà. Mo ní bí Màmá kò bá lè wá sílé rẹ̀, kí òun wá sílé mi kí Màmá máa kán oògùn náà fún un. Ó ní bí òun bá wá, ọ̀dọ̀ Màmá ni òun dé yẹn, kóòtù sì ti ní kí òun má dé ibẹ̀. Mo bá a wá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò. Ó lé e, ó ní ọwọ́ rẹ̀ le, pé kò dà bí ọwọ́... Ó ní òun á máa kán an fún ara òun. Nígbà mìíràn tí mo bá lọ, n ó rí i tí oògùn náà ti ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, tó ti rin ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun ti kán an. Lóòótọ́, ó kán an. Ojú nìkan ni kò kán an sí.

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń rí ara wọn. Màmá á wọkọ̀ láti Adó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa, tó ti ń lọ láti ìgbà ọmọge. Òun á jókòó sápá òsì, Tíṣà á jókòó sápá ọ̀tún. Bí ìsìn bá ti parí, wọ́n á pàdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá á yọ oògùn jáde nínú báàgì rẹ̀, Tíṣà á jókòó sórí gbòǹgbò igi, á gbójú sókè. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà fún ara rẹ̀: "Ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí nínú àṣẹ." Àwọn akọrin á máa yọjú wò wọ́n, wọ́n á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Bàbá ìjọ ní ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, tọkọtaya ni wọ́n. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ohun tí adájọ́ náà ṣe kò dára, kò sì sí ẹnì kan tó lè tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan ń wọ ojú bàbá mi dáadáa.

Mo mú Màmá lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan tí mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Fájuyì. Ó ka ìwé tí kóòtù fún wa, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un kà, ojú rẹ̀ le.

"Màmá, irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe?"

Màmá mi na òrùka rẹ̀ sí i.

"Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lórí ìgbéyàwó olórùka rárá," lọ́yà ní. "Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n lè tú. Ẹ wá dá mi lóhùn o, ta ló tiẹ̀ ní kó tú u?"

"Ẹnikẹ́ni è sọ bẹ́ẹ̀," Màmá dáhùn. "Kọ́kọ́rọ́ ni mo ní kó bá mi gbà."

Lọ́yà ní òfo ni gbogbo rẹ̀. Mo ní ṣé Màmá lè máa lọ sílé lónìí nìyẹn? Ó ní ó lè lọ, àfi bí ọkọ rẹ̀ bá ní dandan ni kí kóòtù kan kọ́kọ́ sọ pé òfo ni. Mo ní ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ gan-an nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní a jẹ́ pé ká gba kóòtù kòtẹ́milọ́rùn lọ.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó fò sókè. "Mo sọ pé agbára ní ààlà!" ó ní. "Ṣé Màmá lè padà wálé?" mo bi í. "Bí kóòtù bá ti sọ ọ́," ó ní.

Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kóòtù àfi bí ẹ bá ń dúró dè é. Láti pẹjọ́, a ní láti gba ẹ̀dà ohun tí gbogbo wa sọ ní kóòtù ìbílẹ̀. Akọ̀wé ní ìwé náà wà nílé adájọ́. Adájọ́ rìnrìn àjò. Nígbà tó dé, kò sí iná tí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí iná dé, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù dá iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ti di àsìkò ìsinmi àwọn adájọ́. Wọ́n gbà wá láyè tán, wọ́n tún ní ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kò tíì gba ìwé. Ta ni ẹni tí a pè lẹ́jọ́? Bàbá mi ni! Òun ni òfin ní kó dúró ní òdìkejì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹni tó ń gbàdúrà ju òun lọ pé kí màmá mi borí. Akódà lọ sílé, wọ́n ní ó wà lóko. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú. Wọ́n tún sún un. Ọ̀rọ̀ náà sú mi débi pé bí ẹnìkan bá sọ pé òun ń bọ̀ lọ́la, n ó bi í pé èwo nínú àwọn ọ̀la.

Àárín ìgbà yẹn ni mo pàdé adájọ́ náà ní Ọjà Ọba. Ó ń ná iṣu. Ó dá mi mọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Màmá ńkọ́ o? Mo gbọ́ pé ẹ pẹjọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni." Mo kí i, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Mo wá bi í ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí ẹ fi tú wọn ká?"

Ó wo ilẹ̀. N kò retí pé yóò wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ dẹ́rù ba bàbá yẹn ni. Agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á, á tọrọ àforíjì, kó tó dalẹ́ wọ́n á ti jọ wà nílé wọn. Ṣèbí bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Ta ló mọ̀ pé ó máa tẹ̀ lé e?"

"Ẹ wá sọ fún un nígbà náà, sà. Ẹ sọ pé ẹ kò ní i lọ́kàn."

Ó gbójú sókè, ó padà di adájọ́. "Ìyá," ó ní, "adájọ́ kì í kó ohùn rẹ̀ jẹ." Ó san owó iṣu rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí oníṣu fi bi mí pé ṣé mo máa rà ni tàbí mo kàn ń wò. Ẹyin lohùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin tí ọkùnrin yẹn jù sílẹ̀, ara àwa ló fọ́ sí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìyẹn, Tíṣà kò gun maṣíìnì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó mú igi lọ́wọ́, ó ń fi igi náà wá ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìsìn, màmá mi bá a lábẹ́ máńgòrò, èmi náà wà níbẹ̀. Màmá dúró níwájú rẹ̀ gan-an, oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi gbójú sókè, ó ní, "Ta nìyẹn?"

Màmá na ìka méjì síwájú ojú rẹ̀. "Tíṣà, uka mélòó rèé?"

"Uka wo?" bàbá mi ní.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Adó. Ó tan iná sí ojú náà, ó wò ó pẹ́, ó bi wá pé ṣé a kò kán oògùn ni. Bàbá mi dá a lóhùn pé, "A kán an. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi." Dókítà wo ojú mi, mo wo ojú ògiri.

Ọjọ́ ìdájọ́ wá dé nígbà tó wù ú. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn mọ́ tónítóní, fáànù ń yí, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló ṣáájú àwọn adájọ́. Tíṣà jókòó lápá kan, Màmá lápá kejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà ka ìwé rẹ̀ lọ rẹrẹ. Ó ní kóòtù ìbílẹ̀ náà kọjá ààlà rẹ̀. Ó ní kò lágbára lórí irú ìgbéyàwó yìí, àti pé ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ó ní gbogbo àṣẹ náà jẹ́ òfo látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Bàbá mi mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti borí.

Màmá mi dìde. Lọ́yà wa fa aṣọ rẹ̀, kò jókòó.

"Olúwa mi, ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ní bí ẹni pé è ṣẹlẹ̀ rí. Ojú Tíṣà ńkọ́?"

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo màmá mi, ó wo bàbá mi tó kọjú sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ó ní, "ìyẹn kọjá agbára mi."

Ìdáhùn náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò lè bínú sí i. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun ni adájọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó mọ ibi tí tirẹ̀ pin sí. Ó bọ́ sásìkò tí kò wúlò fún wa mọ́.

Màmá sọdá sí apá kejì, ó di apá bàbá mi mú. Tíṣà mọ ọwọ́ náà. Ó ní, "Ìyàwó." Ó tún un pè, bí ẹni pé ó ń dán an wò. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó wá nǹkan kan kiri níbẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ maṣíìnì jáde. Ó nà án síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣi ibi tí Màmá wà díẹ̀, ọwọ́ màmá mi ló lọ bá a.

"Gbà," ó ní. "Mi ò lè lò ó mọ́."

Màmá mi gbà á. Ó so ó mọ́ ìdí ìró rẹ̀, ó tún di apá rẹ̀ mú. "Àtẹ̀gùn rèé, Tíṣà," ó ní. "Gbé ẹsẹ̀."